Ẹ̀rín Tí Mùnírátù Onídìrí Rín ní Ìfọ̀

Ẹni tó bá sọ fún yín pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni Mùnírátù onídìrí, ẹni yẹn kò gbé Mówé rí. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé ọkọ rẹ̀ ló ti ń dìrí fún tọmọdé tàgbà, bó sì ṣe ń fi ìlàrí la orí èèyàn ló ń fi ẹnu la ọ̀rọ̀. Bí oníbàárà bá ń ké pé irun ń dun òun, á ní, "Jókòó dáadáa jàre, kì í ṣe irun ló ń dùn ẹ́, ẹni tó o fi sílẹ̀ nílé ni." Àwọn tó ń dúró á bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó ń ké náà á sì bá wọn rín. Kò fojú di ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti sọ pé òun máa ṣe, ẹ lọ gbà pé ó ti ṣe é tán.

Ọdún 1976 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn òyìnbó ń la títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí katakata ń hó lẹ́yìn ìlú láti àárọ̀ dalẹ́. Ọdún náà ni Bùrẹ́ímọ̀ káfíńtà, ọkọ Mùnírátù, kú. Ibà ló bẹ̀rẹ̀ bí eré. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mùnírátù sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó wọlé jókòó, ó ṣe opó tí ẹ̀sìn là sílẹ̀, kò yọjú síta, kò fi ọwọ́ kan irun, kò lé tìróò. Nígbà tí ọjọ́ pé, ààfáà wá ṣàdúà fún un. Ó ní, "Ìyá Kúlúsúmù, Ọlọ́run á gbà á. Ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí, bí kì í bá ṣe ti Adépọ̀jù. Adépọ̀jù ni àbúrò Bùrẹ́ímọ̀, ìyá kan náà ló bí wọn. Pákó ló ń tà, ojú rẹ̀ gan-an sì dà bíi pákó: kì í tú ká, ìbáà ṣe ọjọ́ ìkómọ, ìbáà ṣe ọjọ́ ọdún. Bí ààfáà ṣe ń wọ bàtà báyìí ni Adépọ̀jù ní, "Ti ẹ̀sìn lo ṣe yẹn, ìyàwó. Ti ilé wa ṣì kù." Ló bá ka òfin ilé wọn sílẹ̀. Ọdún kan gbáko ni opó yóò fi wọ aṣọ dúdú. Irun rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títú. Lékè gbogbo rẹ̀, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní nílé tiwọn, opó tó bá rẹ́rìn-ín kí ọdún tó yí po ti jẹ́wọ́ pé òun mọ nǹkan kan nípa ikú ọkọ òun, ẹrù rẹ̀ ló sì máa dì jáde.

Níbo ló ti rí òfin yìí? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn àgbà ilé wo ara wọn lójú, wọ́n mi orí, nítorí ẹni tó bá sọ pé òun kò gbọ́ irú ẹ̀ rí, á dà bí ẹni pé kò mọ àṣà ni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bùrẹ́ímọ̀ àti Adépọ̀jù, ni à bá bi, ṣùgbọ́n látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wọlẹ̀ ni ìyá náà ti dojú kọ ògiri lórí ẹní, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ ju "ẹ fún mi lómi" lọ. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Adépọ̀jù ṣe di òfin.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa. Kì í ṣe ọ̀fọ̀ ló ń ṣe Adépọ̀jù, iyàrá iwájú ló ń wò. Títì ńlá ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sì ti ń fojú wọn abẹ́ máńgòrò yẹn fún ṣọ́ọ̀bù pákó. Mùnírátù kò ní ilé míì. Ilé bàbá rẹ̀ ti wó, igbó ti bò ó. Kúlúsúmù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ọkọ ní Ṣàgámù. Iyàrá iwájú yẹn ló ń sùn sí, abẹ́ igi yẹn ló ti ń jẹun, bó bá sì pàdánù wọn, ojú títì ló kàn.

Ni gbogbo ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ wo nǹkan: onídìrí tí irun tirẹ̀ tú wúruwùru lórí, tó ń fi ọwọ́ ṣe orí ẹlòmíì lẹ́wà. Àwọn oníbàárà kò dápàárá mọ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n kí àwàdà wọn má bàa lé e kúrò nílé. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé wàhálà asán ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rín kankan kò tilẹ̀ wá sí Mùnírátù lẹ́nu. Á jí ní òwúrọ̀, á wá a nínú ara rẹ̀, kò ní rí i. Èyí ń bà á lẹ́rù ju Adépọ̀jù lọ, nítorí ẹ̀rín yẹn ni Bùrẹ́ímọ̀ tìtorí rẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ká tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe pàdé. Láyé òyìnbó, aláwàdà kan wà tí wọ́n ń pè ní Wòmílójú. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á wọ rélùwéè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní Ìfọ̀, wọ́n á ṣeré nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Agbádá alápá kan ni Wòmílójú máa ń wọ̀. Ó ní aránṣọ òun ló kú kó tó débi apá kejì. Ọkùnrin náà kì í rẹ́rìn-ín láé. Ojú rẹ̀ á le bíi ti adájọ́, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, bí àwọn èèyàn bá sì ṣe ń rín tó ni inú á máa bí i tó. Mùnírátù, ọmọge nígbà náà, ti Mówé lọ wò ó pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tòún, ọmọ Ìbafò. Ó rín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọkùnrin káfíńtà kan tó jókòó níwájú yíjú padà láti wo ẹni tó ń rín bẹ́ẹ̀, kò sì yíjú síwájú mọ́ títí eré fi parí. Bùrẹ́ímọ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ tó bá Bùrẹ́ímọ̀ wá, Sàlàkọ́, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ló lọ bá àwọn ọmọge méjèèjì láti wádìí orúkọ Mùnírátù.

Nígbà tí Wòmílójú kú, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tú ká, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò gbà kó parí síbẹ̀. Lọ́dọọdún, ní Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, wọ́n á pé jọ sí gbọ̀ngàn yẹn ní Ìfọ̀. Wọ́n á ti Abẹ́òkúta wá, wọ́n á ti Ìlaròó wá, àwọn míì á ti Agége wọ ọkọ̀ ojú irin. Tọkùnrin tobìnrin á wọ agbádá alápá kan, wọ́n á máa ka ọ̀rọ̀ Wòmílójú fún ara wọn bí ọmọ kéwú ṣe ń ka wáláà. Ìdíje kan ló sì máa ń kádìí ìpàdé. Wọ́n á gbé ẹnì kan sórí àga láàárín gbọ̀ngàn, olórí àga ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ á bọ́ síwájú rẹ̀, á ṣe bíi Wòmílójú. Ẹni tó bá pa olórí àga lẹ́rìn-ín ló ń gba àkùkọ ọdún náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé yìí, Bùrẹ́ímọ̀ àti Mùnírátù kò pa á jẹ rí.

Nígbà tí oṣù kọkànlá wọlé, Tòún ti Ìbafò wá sí Mówé. Búrẹ́dì ni Tòún ń ṣe, apá rẹ̀ nípọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í gùn. Ó bá Mùnírátù lábẹ́ máńgòrò, ó ní, "Sàlàkọ́ ní ìwọ ni yóò jókòó sórí àga lọ́dún yìí."

Mùnírátù ní, "Èmi opó?"

"Ìwọ opó gan-an. Kí niṣẹ́ àga? Àìrẹ́rìn-ín. Kí ni Adépọ̀jù ní kó o má ṣe? Ẹ̀rín. Bó bá bi ẹ́, sọ fún un pé ibi tí wọ́n ti ka ẹ̀rín léèwọ̀ fún ẹ lo lọ."

Mùnírátù wo irun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó ní, "Tòún, mi ò ní tìtorí ọgbọ́n yẹn lọ. Bí mo bá lọ, mo lọ nítorí pé ó wù mí ni. Bí ẹ̀rín bá sì wá, màá rín in. Mi ò ní bo ẹnu mi bí olè."

Adépọ̀jù ti yọ lẹ́yìn ilé, ó ti gbọ́. Ó ní, "Ìyàwó, níbo lo ní ò ń lọ?"

Mùnírátù kúnlẹ̀ kí i, nítorí ọkọ ni lójú tirẹ̀, ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé òun wọlé. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tó fi dáhùn. Ó ní, "Ìfọ̀ ni, ọkọ mi. Ìpàdé Wòmílójú ni."

"Ilé àwàdà. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì jẹrà tán."

"Ẹ̀gbọ́n yín ló máa ń mú mi lọ."

Adépọ̀jù na ìka sí iyàrá iwájú. "Bó o bá jáde lọ síbẹ̀, tí eyín rẹ fara hàn, má padà sínú iyàrá yẹn. Màá pe àwọn àgbà ilé jọ, wọn á sì bá ọ gbé ẹrù síta. Mo ti sọ tèmi."

Mùnírátù ní, "Mo gbọ́, ọkọ mi. Ìròyìn ni mo fún yín, mi ò tọrọ àyè." Nínú ilé, lẹ́yìn fèrèsé, Ìyá Àgbà yí ara padà lórí ẹní rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé náà dé, kò gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí ẹni tó ń sá. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbà, ọ̀sán gangan, pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn. Ó dúró kí gbogbo ẹni tó jókòó síta, ó sì sọ fún wọn pé òun ń lọ sí Ìfọ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹni tó láyà kì í bẹ̀rù. Ó ń wo ilé náà bí ẹni tó ń wò ó kẹ́yìn, síbẹ̀ kò dúró.

Ìbafò ló kọ́kọ́ dé. Tòún rí orí rẹ̀, ó ní òun kò ní bá ẹni tó ní irú orí yìí wọ mọ́tò. Ó fà á jókòó sáàárín itan rẹ̀, ó sì dirun ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ fún un. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ti kan orí Mùnírátù. Òun tó ń dirun fún gbogbo Mówé jókòó jẹ́ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí itan ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Tòún ní, "Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni?"

Ó ní, "Kì í ṣe irun ló ń dùn mí." Tòún dì í tán. Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Agége, wọ́n sì tibẹ̀ wọ òmíràn lọ sí Ìfọ̀.

Gbọ̀ngàn ti kún kí wọ́n tó dé. Ibi tó o bá yíjú sí, apá kan ni wàá rí lára agbádá. Àwọn kan ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí Wòmílójú kọ́kọ́ sọ fún ewúrẹ́ nínú eré àríyá àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di ìjà. Ní iwájú, wọ́n fi Ògúnkànmí sórí àga ńlá. Bàbá arúgbó yìí nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ Wòmílójú. Òun ló máa ń wé gèlè ṣe ìyàwó Wòmílójú nínú eré. Àwọn arúgbókùnrin ń dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n ń pè é ní "ìyàwó wa", bàbá náà sì ń fi ọwọ́ méjèèjì tún gèlè tí kò sí lórí rẹ̀ ṣe.

Sàlàkọ́ wá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ṣùgbọ́n ó ṣì ń pariwo bí ẹni tó ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀. Ó rí aṣọ dúdú, ariwo rẹ̀ sì dá. Ó ní, "Mùnírátù, ó dùn mí gan-an." Mùnírátù ní òun mọ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, àwọn mẹ́ta tó yẹ kí wọ́n jẹ́ mẹ́rin, kí Sàlàkọ́ tó mú un lọ síbi àga.

Nígbà tó jókòó tán, gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Gbogbo wọn ló mọ Bùrẹ́ímọ̀, aṣọ dúdú náà sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Sàlàkọ́ bọ́ síwájú, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ má ṣàánú olórí àga. Ẹni tó bá lè pa á lẹ́rìn-ín, ó wúlò."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin aránṣọ kan láti Abẹ́òkúta ló kọ́kọ́ jáde, ó ṣe eré tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn jù, èyí tí Wòmílójú ti lọ kí olóòkú nítorí oúnjẹ. Ilé ìkómọ ló ṣì wọ̀. Ó bá àwọn èèyàn tó jókòó, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àìsàn wo ló ṣe é?" Bàbá ọmọ ní, "Ta ni?" Ó ní, "Ẹni tá a tìtorí ẹ̀ jókòó yìí." Bàbá ọmọ ní, "Ó di ọjọ́ mẹ́jọ tó dé." Wòmílójú mi orí, ó ní, "Ọjọ́ mẹ́jọ péré, ẹ sì ti dáná oúnjẹ. Ẹ̀yin náà ò tilẹ̀ mú sùúrù." Gbọ̀ngàn wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Mùnírátù jókòó, ojú rẹ̀ kò yẹ̀.

Obìnrin kan láti Ìlaròó ṣe tirẹ̀, Mùnírátù kò rín. Tòún pàápàá bọ́ sójú agbo, ó fi ìyẹ̀fun bojú, kò rín. Ògúnkànmí dìde pẹ̀lú ọ̀pá, ó fi ohùn ìyàwó pe ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń pè é láyé ijọ́un, àwọn àgbàlagbà ń nu omi lójú, ọ̀rọ̀ ò rí ibi wọlé lára olórí àga. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní irú olórí àga líle báyìí kò sí rí. Wọn ò mọ̀ pé inú rẹ̀ ń bà jẹ́. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, Mùnírátù ń sọ pé ó ti tán nìyẹn, wọ́n ti sin ẹ̀rín òun pọ̀ mọ́ Bùrẹ́ímọ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí, tí Adépọ̀jù wọlé.

Ó ti tẹ̀ lé e láti Mówé, kó lè fojú ara rẹ̀ rí eyín. Ibi tó ti ń fi ìbínú bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní gáréèjì ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti gbé apá agbádá funfun rẹ̀ kan, ó sì fà á ya kúrò láti ìdí. Kò dúró wò ó. Bó ṣe wọlé nìyẹn, agbádá alápá kan lọ́rùn, ojú le koko, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ní gbọ̀ngàn tí gbogbo èèyàn ti ń ṣe bíi Wòmílójú, kí lẹ rò pé wọ́n máa rò?

Ẹnì kan ní, "Ẹ yà fún un, ẹ yà fún un, ẹlòmíì ti dé." Wọ́n là á lọ́nà títí dé iwájú àga.

Adépọ̀jù dúró síwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó na ìka. Ó ní, "Mo wá mú opó wa lọ sílé."

Gbọ̀ngàn hó. Adépọ̀jù yíjú sí wọn, ìbínú ti mú kí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó ní, "Kí lẹ ń rín? Òkú la ní."

Àwọn kan ti bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Sàlàkọ́ di ògiri mú. Ọkùnrin aránṣọ Abẹ́òkúta ń lu itan, ó ń sọ pé, "Ohùn ẹ̀ ni, ohùn ẹ̀ gan-an nìyẹn." Adépọ̀jù wá gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ. Ó ní, "Nílé tiwa, a kì í rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín rí. Ẹ wò mí dáadáa, ṣé mo jọ ẹni tó ń ṣàwàdà?" Ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi ara rẹ̀ hàn wọ́n. Apá kan fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Èkejì jẹ́ ọwọ́ lásán.

Ìgbà tí Adépọ̀jù rí i pé ọwọ́ lásán ni, tó sì ń wá apá kejì lẹ́yìn ara rẹ̀, ni nǹkan kan fọ́ nínú Mùnírátù. Kò mọ ibi tó ti wá. Ó gba àyà rẹ̀ jáde, ó ga, ó gùn, ẹ̀rín tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ láti ìgbà ọmọge, ó sì di apá àga mú kó má bàa ṣubú. Ó rín títí ó fi ń ké. Kò fi ọwọ́ bo ẹnu. Ògúnkànmí arúgbó dìde, ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó ní, "Àkùkọ ti rí olówó ẹ̀."

Adépọ̀jù ní, "O ti rín. Gbogbo èèyàn ló rí i."

Mùnírátù nu ojú, ó dìde lórí àga, ó sì kúnlẹ̀ fún un. Ó ní, "Mo ti rín, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, kí ẹ lọ pe àwọn àgbà."

Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀ padà. Sàlàkọ́ ti di àkùkọ ní ẹsẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sí ẹsẹ̀ Adépọ̀jù kí ọkọ̀ tó gbéra. Àkùkọ ńlá ni, ògbe rẹ̀ pọ́n. Adépọ̀jù wò ó títí, ó sì fi ẹsẹ̀ rọra tì í kúrò níbi tí èrò ti lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà ilé pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbé Ìyá Àgbà jáde, wọ́n fi í ti ògiri, nítorí ìpàdé ilé kì í wáyé lẹ́yìn rẹ̀. Adépọ̀jù dìde, ó ro ẹjọ́. Ó ní òun kìlọ̀, òun tẹ̀ lé e, òun fi ojú òun rí i pé ó rẹ́rìn-ín, ó tún dirun. Ó ní kí àwọn àgbà sọ tiwọn, kí wọ́n wá gbé ẹrù.

Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin bi Mùnírátù pé, "Ṣé òótọ́ ni?"

Ó ní, "Òótọ́ ni, bàbá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rín in kèékèé, mo sì rín in fatafata. Irun tí mo dì nìyí lórí mi." Ẹnu yà wọ́n, wọ́n ti rò pé á bẹ̀bẹ̀. Ó ń bá a lọ. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, ẹ ò mọ èyí tínú ń run. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ẹnu mi láti ọjọ́ yìí, ta ló ṣọ́ inú mi nínú yín? Mo fẹ́ràn ọkọ mi. Mi ò pa á. Bí ẹ bá ní kí n jáde, màá jáde, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mo ṣe ohun tó burú."

Àwọn àgbà ń wo ilẹ̀. Ohùn kan jáde láti ìdí ògiri, ohùn tí wọn kò tíì gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin òkú. Ìyá Àgbà ló ní, "Kí lo rẹ́rìn-ín sí?"

Adépọ̀jù ní, "Ìyá, ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀."

"Mi ò bi ẹ́."

Mùnírátù sún mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́. Ó sọ bí àwọn alágbádá alápá kan ṣe kún gbọ̀ngàn. Ó sọ bí Adépọ̀jù ṣe wọlé. Kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Ó mú ojú rẹ̀ le, ó na ìka, ó ní, "Kí lẹ ń rín? Òkú la ní." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì yí ara po, ó ń wá apá tí kò sí.

Ìyá Àgbà ní, "Kí wá ni wọ́n ṣe fún un?"

"Wọ́n ní òun ló ṣe é dáadáa jù, Ìyá. Wọ́n fún un ní àkùkọ."

"Ó gbà á?"

Mùnírátù wo Adépọ̀jù. Gbogbo ilé wo Adépọ̀jù. Ìyá Àgbà ní, "Adépọ̀jù, ṣé àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìnkùlé rẹ láàárọ̀ yìí nìyẹn?"

Adépọ̀jù ní, "Àwọn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí mi lẹ́sẹ̀, Ìyá."

Èjìká ìyá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n rò pé ẹkún ni, ẹnì kan ti ń sáré bọ̀ láti gbá a mú. Ẹ̀rín ni. Ó rín láìsí eyín kan lẹ́nu, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ sí àgbọ̀n, ó ń pe orúkọ Bùrẹ́ímọ̀ láàárín ẹ̀rín, "Bùrẹ́ímọ̀ ọmọ mi, o ò sí níbẹ̀," ó sì tún ń rín. Kò sẹ́ni tó mọ bóyá kí wọ́n bá a rín tàbí kí wọ́n bá a sunkún. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́.

Ó nu ojú pẹ̀lú etí aṣọ. Ó ní, "Adépọ̀jù, òfin wo lo ní o kà fún wọn? Pé ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ló mọ̀ nípa ikú ọmọ mi?"

Ìyá Àgbà na ìka sí i.

"Èmi tí mo bí i ti rín báyìí. Wá, kó o wá di ẹrù mi."

Adépọ̀jù jókòó síbi tó wà, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìyá Àgbà kò wò ó mọ́. Ó fa Mùnírátù mọ́ra, ó fi ọwọ́ pa irun ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ náà, ó ní, "Sọ ibi tó ti ń wá apá yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."